ÀYÈ TÍ A RÍ NÍ ÌLÚ YÌÍ

Ọ̀rọ̀ ìyànjú fún àwọn tọkọtaya tuntun tí wọ́n ṣí wá sí Lokoja, àti fún ìjọ tí ó gbà wọ́n

Bíbélì kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 18, ẹsẹ 1 sí 3 àti ẹsẹ 18 sí 28



Láti ìgbà díẹ̀ wá ni a ti ń rí ojú tuntun nínú ìjọ wa ní Paparanda yìí. Ọ̀dọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, tọkọtaya tí ìgbéyàwó wọn kò tíì ju ọdún kan tàbí méjì lọ. Àwọn kan gbé ọmọ ọwọ́ dání, àwọn mìíràn ń retí tiwọn. Bí a bá bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti ń bọ̀, wọn a ní Abuja, tàbí kí wọ́n ní Èkó. Bí a bá sì bi wọ́n pé kí ni ó gbé wọn wá, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde: owó ilé. Wọ́n ní níbi tí àwọn ti ń bọ̀, onílé ń béèrè owó ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ajẹ́ǹtì ń béèrè tirẹ̀, lọ́yà tí ó kọ ìwé àdéhùn ń béèrè tirẹ̀. Kí ìlẹ̀kùn yàrá tó ṣí, àpò ti gbẹ. Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ pé Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Lokoja, pé ẹni tí ó lè kọ́ni tàbí tí ó lè ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì lè rí nǹkan ṣe níbẹ̀, pé ẹni tí ó fẹ́ fi kún ìmọ̀ rẹ̀ lè rí àyè, pé ilé ibẹ̀ sì rọjú, wọ́n di ẹrù wọn.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó mú wọn dé láyọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ láìdáhùn. Nígbà tí ènìyàn bá ti rí ilé tí kò wọ́n, kí ni ó kù? Ṣé ìlú tí ó rọjú ti di ìbùkún fúnra rẹ̀? Àwa wí pé kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Àyè ni ìlú tí ó rọjú fún wa. Ohun tí tọkọtaya bá fi àyè náà ṣe ni yóò sọ bóyá ìbùkún ni ìṣípòpadà wọn, tàbí ìsáré lásán. Ohun tí a fẹ́ fi Ìwé Mímọ́ yẹ̀ wò lónìí nìyí.

TỌKỌTAYA TÍ A KÒ DÁRÚKỌ LỌ́TỌ̀Ọ̀TỌ̀

Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì sọ fún wa nípa ọkùnrin Júù kan tí ń jẹ́ Àkúílà, tí a bí ní Pọ́ńtù, àti Pìrìsílà aya rẹ̀. Ìlú Róòmù ni wọ́n ti ń bọ̀, ìlú tí gbogbo ọ̀nà ayé ìgbà náà ń lọ sí. Késárì Kíláúdíù pàṣẹ pé kí gbogbo Júù jáde kúrò ní Róòmù, àwọn méjèèjì sì kó ẹrù wọn wá sí Kọ́ríńtì. Ibẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti bá wọn, ó sì wọ̀ sí ilé wọn, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe, iṣẹ́ àgọ́ pípa. Lẹ́yìn tí Pọ́ọ̀lù ti lo ju ọdún kan ààbọ̀ lọ ní Kọ́ríńtì, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, tọkọtaya yìí bá a lọ, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ ní Éfésù. Ìṣípòpadà kejì nìyẹn.

Kì í ṣe owó ilé ni ó lé wọn kúrò ní Róòmù. Àṣẹ ọba ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti wá ilé ní Abuja tàbí ní Èkó láàárín ọdún díẹ̀ yìí mọ̀ pé ọ̀wọ́n náà ní ohùn àṣẹ. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láti ìgbà náà ni owó ọkọ̀ ti gun òkè, oúnjẹ tẹ̀ lé e, ilé pẹ̀lú kò sì dúró sẹ́yìn. Kíláúdíù ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n ń lé ènìyàn jáde nílé bí ọba. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ má ṣe fi ojú ẹni tí ó sá fún iṣẹ́ wo àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kó kúrò ní ìlú ńlá. Ẹni tí a lé kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ǹjẹ́, ẹ kíyè sí ohun kan. Ibi mẹ́fà ni Májẹ̀mú Titun ti dárúkọ Àkúílà àti Pìrìsílà, kò sì sí ibì kan tí a ti dárúkọ ọ̀kan kí a má dárúkọ èkejì. Níbì kan a kọ́kọ́ pe ọkọ, níbòmíràn a kọ́kọ́ pe aya. Wọ́n jọ kúrò, wọ́n jọ dé, wọ́n jọ ń pàgọ́, wọ́n jọ ń gba àlejò.

Láti inú ìtàn wọn, a fẹ́ fa ẹ̀kọ́ mẹ́rin yọ.

ÈKÍNNÍ: KÍ WỌ́N JỌ FI OHÙN ṢỌ̀KAN KÍ ẸRÙ TÓ KÚRÒ NÍLẸ̀

Ẹ fi tọkọtaya yìí wé Lọ́ọ̀tì nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 13. Nígbà tí Ábúrámù fún un ní àyè láti yàn, Lọ́ọ̀tì gbé ojú sókè, ó rí i pé pẹ̀tẹ́lẹ̀ Jọ́dánì lómi dáadáa, ó sì yàn án. Ojú ni ó fi yàn. A kò kà níbẹ̀ pé ó bi aya rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan. A kò tilẹ̀ gbọ́ nípa aya náà títí di òwúrọ̀ tí wọ́n ń sá jáde kúrò ní Sódómù. Obìnrin tí a kò bi léèrè nígbà tí à ń lọ, ṣé ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé ẹ̀yìn ni ó ń wò nígbà tí à ń bọ̀?

Ẹ̀yin ọkọ, bóyá aya yín ní ìsọ̀ ní ọjà Wuse, tàbí ó ní àwọn oníbàárà tí ó ti fi ọdún mẹ́ta kó jọ. Iye tí ẹ ó dín kù lára owó ilé, ẹ ti kà á. Ṣé ẹ ti ka iye tí òun yóò pàdánù? Ẹ̀yin aya pẹ̀lú, bóyá ẹ̀yin ni ẹ rí iṣẹ́ ní Yunifásítì, tí ọkọ yín sì ń tẹ̀ lé yín bọ̀ láìní iṣẹ́ lọ́wọ́. Kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jókòó sílé bí ẹni tí a gbé wá pẹ̀lú àga. Ẹ jókòó papọ̀, ẹ fi ìwé àti kálámù ṣe é, kí olúkúlùkù sọ ohun tí yóò fi sílẹ̀ àti ohun tí ó ń retí. Ìpinnu tí ẹni kan dá ṣe, ẹni méjì ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

Àwọn kan wà tí aya àti ọmọ ń gbé ní Lokoja, tí ọkọ sì ń ṣiṣẹ́ ní Abuja, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń rí i. A mọ̀ pé àìrí ṣe ni. Ṣùgbọ́n nínú òfin tí Ọlọ́run fún Ísírẹ́lì, nínú Diutarónómì orí 24, ọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó kò gbọdọ̀ lọ sí ogun ní ọdún kan gbáko, kí ó lè wà nílé láti mú inú aya rẹ̀ dùn. Bí Olúwa bá lè dá ọmọ ogun dúró nítorí ilé tuntun, ó yẹ kí tọkọtaya tuntun dá ọjọ́ tí ìgbé-ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ náà yóò dópin. Ẹ dá ọjọ́ náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì máa ṣiṣẹ́ sí i. Ohun tí a kò dá ọjọ́ fún máa ń di àṣà.

ÈKEJÌ: KÍ WỌ́N KA IYE RẸ̀ TÁN

Olúwa wa fi òwe kọ́ wa nínú Lúùkù orí 14, nípa ọkùnrin tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, pé ó ní láti kọ́kọ́ jókòó kí ó ka ohun tí yóò ná an. Púpọ̀ ènìyàn ń ka owó ilé nìkan, wọn kì í ka ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní ilé tí tọkọtaya kan gbà ní Lokoja fi 360,000 náírà dín sí èyí tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀ lọ́dún. Ìyẹn ni 30,000 náírà lóṣù. Bí ọkọ bá ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Abuja, tí ó ń lọ ní ọjọ́ Ajé tí ó sì ń bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni yóò wọ ọkọ̀ láàárín oṣù kan. Ká sì ní 8,000 náírà ni owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan. 64,000 náírà ni ọ̀nà yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Onílé fi 30,000 sílẹ̀ fún un, onímọ́tò gba 64,000. Ta ni ó jèrè? Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ wà láàárín wa, ẹ mọ̀ pé ọjà tí a rà lọ́pọ̀ ní oko lè di ọ̀wọ́n kí ó tó dé ìsọ̀.

A kò sì tíì ka ewu. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, ọkọ̀ agbépo kan gbiná ní Felele níhìn-ín, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga wà nínú wọn. A kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. À ń sọ ọ́ kí ẹni tí ó bá ń fi ìlú kan sùn, tí ó ń fi ìlú mìíràn ṣiṣẹ́, lè mọ̀ pé kì í ṣe owó nìkan ni òun ń ná.

Ọ̀rọ̀ omi ni ó kù. Lokoja ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Omi tí ó ti Kamẹrúùnù wá, níbi tí ìsédò Lagdo wà, ń bá Bẹ́núé sọ̀kalẹ̀. Omi tí ó ti Kainji àti Jẹ́bà wá ń bá Ọya sọ̀kalẹ̀. Ẹnu ọ̀nà wa ni àwọn méjèèjì ti ń kí ara wọn. Ní 2012 omi yìí lé ènìyàn jáde nílé ní Ganaja àti ní Adankolo. Ní 2022 ó tún dé, ó sì bo títì tí ó lọ sí Abuja, tí àwọn arìnrìn-àjò fi há sójú ọ̀nà. Ilé tí ó wà létí odò máa ń rọjú ní oṣù Kẹta nígbà tí ilẹ̀ gbẹ. Oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ni yóò sọ iye tí ó jẹ́ gan-an. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ara ògiri bóyá ilà omi wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dà tuntun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn sí i, ẹ bi obìnrin tí ó ń ta ẹja lójúde. Òun kò ní èrè kankan nínú ilé náà. Òtítọ́ ni yóò sọ fún yín. Olúwa wa tí ó sọ ìtàn ilé orí iyanrìn àti ilé orí àpáta mọ̀ pé ọjọ́ tí kò sí òjò, bákan náà ni ilé méjèèjì ń rí.

Ẹni tí ó bá ti ka gbogbo èyí tán, tí ó sì rí i pé èrè ṣì wà níbẹ̀, kí ó wá. Ọwọ́ wa ṣí sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀KẸTA: KÍ IṢẸ́ ỌWỌ́ BÁ WỌN WÁ

Nígbà tí Àkúílà àti Pìrìsílà ń sá kúrò ní Róòmù, a kò mọ iye ohun tí wọ́n fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n a mọ ohun kan tí wọ́n mú dání: iṣẹ́ wọn. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń pàgọ́ ní Róòmù yóò pa á ní Kọ́ríńtì, yóò sì pa á ní Éfésù. Ìwé-ẹ̀rí dára, àwa kò bú u. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tí a mú u lọ lè kún. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ kàwé, ẹ má ṣe tijú láti bi àwọn àgbà oníṣòwò inú ìjọ yìí bí a ti ń ra ẹja àti iṣu ní ọjà Kpata, àti ìgbà tí a ń kó iṣu pamọ́ àti ìgbà tí a ń tà á. Ìlú tí ilé-ìwé gíga wà nílò aránṣọ, olóúnjẹ, ẹni tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ẹni tí ń tẹ̀wé, ẹni tí ń tọ́jú ọmọ fún àwọn ìyá tí wọ́n ń lọ sí kíláàsì. Ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ méjì lọ́wọ́, bí ìjọba bá pẹ́ kí ó tó san owó oṣù, kò ní pa ilé rẹ̀ lẹ́kún.

Owó tí ó kù lẹ́yìn owó ilé ńkọ́? Owó tí a kò fún ní iṣẹ́ ṣe máa ń wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀, iṣẹ́ tí ó sì ń rí kì í sábà dára. Kí ẹ tó lo oṣù mẹ́ta níhìn-ín, ẹ pín in: apá kan fún Olúwa, apá kan fún ìpamọ́, apá kan fún ẹ̀kọ́, apá kan fún àwọn òbí tí wọ́n wà nílé tí wọ́n ń gbàdúrà fún yín. Èyí tí ó bá kù, ẹ fi jẹun láìbẹ̀rù.

A sì fẹ́ fi ìkìlọ̀ kékeré kan kún un. Ohun tí ó rọjú lójú ẹni tí ó ti Abuja wá lè wọ́n gan-an lójú ẹni tí ó bá a níbẹ̀. Láti 2024, 70,000 náírà ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin Nàìjíríà fi lélẹ̀. Ìdílé wà níhìn-ín tí ń fi irú owó bẹ́ẹ̀ gbọ́ bùkátà ènìyàn mẹ́fà. Nítorí náà, ẹ má ṣe dúró lójú ọjà kí ẹ máa kígbe pé nǹkan pọ̀ ní Lokoja bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Oworo, Nupe, Igala, Ẹbírà, Bassa àti Hausa ni wọ́n jọ ń gbé ìlú yìí pẹ̀lú wa. Ẹ kọ́ bí a ti ń kí wọn ní èdè wọn. Ẹni tí ó mọ ìkíni kì í ṣe àlejò pátápátá.

Ẹ̀KẸRIN: KÍ WỌ́N ṢÍ ÌLẸ̀KÙN SÍLẸ̀

Ibi tí a ń lọ nìyí, ẹ̀yin ará. Bí Àkúílà àti Pìrìsílà bá ti fi àyè tí wọ́n rí ní Éfésù sùn nìkan, a kì bá tí gbọ́ orúkọ wọn lónìí.

Éfésù kì í ṣe ìlú kékeré, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ìlú tí ẹ̀kọ́ wà; níbẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti lo ọdún méjì lẹ́yìn náà tí ó ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ nínú ilé-ẹ̀kọ́ Tíránù. Amòye kan, Àpólò, ará Alẹkisáńdíríà, dé sí ìlú náà. Ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ó mọ Ìwé Mímọ́ dáadáa, iná ń jó nínú ẹ̀mí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbatisí Jòhánù nìkan ni ó mọ̀. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Kí ni tọkọtaya apàgọ́ yìí ṣe? Wọn kò dìde nínú sínágọ́gù láti dójú tì í. Wọn kò sì wí pé, ta ni àwa, a kò kàwé tó o. Wọ́n mú un sọ́dọ̀, wọ́n sì ṣàlàyé ọ̀nà Ọlọ́run fún un dájúdájú. Àwọn méjèèjì jọ ṣe é: kì í ṣe Àkúílà nìkan, kì í ṣe Pìrìsílà nìkan. Ilé tí a bá ṣí báyìí, ọ̀rọ̀ àbùkù kì í rí ẹnu ọ̀nà wọ̀ ọ́.

Nígbà tí Àpólò sì kúrò lọ́dọ̀ wọn, níbo ni ó lọ? Ó lọ sí Ákáyà, ó sì ran àwọn onígbàgbọ́ ibẹ̀ lọ́wọ́ púpọ̀. Kọ́ríńtì wà ní Ákáyà. Ìlú tí tọkọtaya náà ti kó kúrò ni oore tí wọ́n ṣe ní Éfésù ti lọ so èso. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ ti fi iṣẹ́ ńlá yín sílẹ̀ ní Abuja tàbí ní Èkó, ẹ gbọ́: ọmọ tí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ rere àti àwo oúnjẹ kan gbé ró ní Lokoja lè jẹ́ ẹni tí yóò di adájọ́ tàbí dókítà ní ìlú tí ẹ kúrò níbẹ̀.

Àpólò tiwa kò jìnnà. Ọdún 2011 ni ìjọba dá Yunifásítì yìí sílẹ̀, ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án tí ó dá sílẹ̀ lọ́dún náà. Ti Oyè-Èkìtì jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Adankolo ni ó ti bẹ̀rẹ̀, a sì ti kọ́ ibùjókòó rẹ̀ sí Felele. Ilé-ẹ̀kọ́ Pólì ti Ìpínlẹ̀ Kogi pẹ̀lú wà nínú ìlú. Àwọn ọmọ tí ń kàwé níbẹ̀ ti Kabba wá, wọ́n ti Ìlọrin wá, wọ́n ti Àkúrẹ́ wá. Àwọn mìíràn kò tíì sùn níbòmíràn rí àfi ilé bàbá wọn. Bí ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi bá lé, ibi tí wọn yóò jẹun sí kì í yé wọn. Tọkọtaya tí ó ní yàrá méjì ní Lokoja ní iye owó yàrá kan ní Abuja ti rí àga kan gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní àga náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kò ní sọ yín di òtòṣì.

ÀPẸẸRẸ LÁTI Ọ̀DỌ̀ ÀWỌN BÀBÁ WA

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé Éfésù jìnnà, a ó fi tọkọtaya Yorùbá kan hàn án. Samuel Àjàyí Crowther àti Susan Asano aya rẹ̀, inú ọkọ̀ ẹrú ni a ti gba àwọn méjèèjì sílẹ̀. Sàró ni wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbéyàwó, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ nílé ní oṣù Kìíní ọdún 1845, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ìròyìn dé pé Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tí wọ́n ń retí, ti kú, ogun sì dí ọ̀nà. Ó lé ní ọdún kan kí ọ̀nà tó ṣí.

Kí ni Crowther fi àkókò náà ṣe? Kò jókòó ti ẹrù tí a ti dì. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wàásù ní Àgbádárìgì, wọ́n sì kọ́ni, bí ẹni pé ibẹ̀ gan-an ni a rán wọn sí. Ọdún 1846 ni wọ́n dé Abẹ́òkúta, níbi tí Crowther ti rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún bí 25 tí a ti kó o lẹ́rú. Bíṣọ́ọ̀bù ni ó jẹ́ láti 1864, ọwọ́ rẹ̀ sì dé Lokoja yìí. Ilé-ìwé Holy Trinity tí a ń kà sí àkọ́kọ́ ní ìhà Àríwá, ọdún 1865 ni a sọ pé ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa, bóyá Lokoja ni Àgbádárìgì yín. Bóyá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ẹ ó kó lọ síbòmíràn. A kò ní bínú sí yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé ìlú yìí bí ẹni tí ó jókòó sí páàkì tí ó ń retí kí ọkọ̀ kún. Nínú Jeremáyà orí 29, Ọlọ́run ránṣẹ́ sí àwọn tí a kó ní ìgbèkùn lọ sí Bábílónì pé kí wọ́n kọ́ ilé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n sì wá àlàáfíà ìlú náà. Bí a bá sọ èyí fún ẹni tí a fi agbára kó lọ, mélòó mélòó ni ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá?

Ọ̀RỌ̀ FÚN ÌJỌ

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá nínú ìjọ, kò yẹ kí á wàásù fún àlejò kí á sì dá onílé sí. Àwọn kan nínú wa ní ilé tí a fi ń gba ayálégbé. Látìgbà tí Yunifásítì ti dé, a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu àwọn onílé: Owó ti dé sí ìlú. Lóòótọ́, símẹ́ńtì wọ́n, páànù wọ́n, owó tí a fi kọ́lé sì ní láti padà. Ṣùgbọ́n onígbàgbọ́ tí ó fi ìlọ́po méjì lé owó ilé nítorí pé ó rí i pé ojú àwọn ọmọ náà pọ́n, Kíláúdíù ni ó ń ṣe. Àwọn tí ọ̀wọ́n lé wá sọ́dọ̀ wa, ṣé àwa ni yóò tún lé wọn lọ? Bí ìlú yìí bá dẹ́kun láti rọjú, kí ó má ṣe jẹ́ láti ọwọ́ ẹni tí ń jẹ oúnjẹ Olúwa ní Paparanda.

A bẹ̀ yín, ẹ ṣe ohun mẹ́ta fún wọn. Kí àwọn tí wọ́n ti pẹ́ ní Lokoja bá tọkọtaya tuntun lọ wo ilé kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n sì sọ òtítọ́ nípa omi fún wọn. Kí onílé tí ó bá lè gba owó oṣù mẹ́ta mẹ́ta gbà á, dípò kí ó fi dandan gba ti ọdún kan ṣíwájú. Kí àwọn ìyá ìjọ mọ orúkọ aya tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kí ọjọ́ Ìsinmi méjì tó kọjá, nítorí ìyá tirẹ̀ jìnnà, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ sì lè má jìnnà.

Ẹ̀yin tọkọtaya tuntun, a tún kí yín káàbọ̀. Ẹ ti rí ilé tí kò wọ́n. A bá yín yọ̀. Ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan, ẹ ka iye rẹ̀ tán, ẹ mú iṣẹ́ ọwọ́ dání, ẹ sì ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé lẹ́yìn náà, kò kí Àkúílà àti Pìrìsílà nítorí iye tí wọ́n rí pamọ́. Ó kí wọn nítorí pé wọ́n fi ẹ̀mí ara wọn wewu fún un, ó sì kí ìjọ tí ó wà nínú ilé wọn. Ilé àyálégbé ni o, ilé tí a kọ́ ni o, ìjọ lè wà nínú rẹ̀.

Kí Olúwa tí ó pa ẹsẹ̀ àwọn bàbá wa mọ́ ní ọ̀nà jíjìn pa ilé yín mọ́. Kí omi má ṣe gbé ohun ìní yín, kí ọ̀nà má ṣe pa yín lẹ́kún. Kí àyè tí ẹ rí ní ìlú yìí di àyè fún ẹlòmíràn, ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.